Àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan láti Òṣogbo lọ sí orísun odò Ọ̀ṣun

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wọ Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n ń dé. Wọ́n á ya àwòrán lẹ́bàá omi, wọ́n á sì padà sílé láì béèrè ibi tí omi náà ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn afinimọ̀nà díẹ̀ ti kó ara wọn jọ nílùú wa, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì gbé ènìyàn gba Iléṣà lọ sí ilẹ̀ Èkìtì kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí àwọn òkè tí odò náà ti sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń mú wọn padà wá sí igbó Ọ̀ṣun kí oòrùn tó wọ̀. Mo bá wọn lọ. Iṣẹ́ wọn dára, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ilẹ̀ wa náwó sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ibì kan kù tí wọ́n ní láti tún ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn wọ́n fún ni pé wọn kò sọ̀rọ̀ orísun odò náà bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Àwọn ará Ìgèdè-Èkìtì gbà pé ilẹ̀ àwọn ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn kan tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti omi, a máa ń kà á pé orí òkè gbọọrọ ti Òkè-Mẹsí, ní àríwá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Afinimọ̀nà wa sọ méjèèjì, kò sì fi èyíkéyìí ṣẹ̀sín. Ó dá wa dúró níbi tí a ti lè rí bí òkè náà ṣe nà lọ, ó sì ṣàlàyé pé odò tó bá ti orí òkè wá kì í sábà ní ojú ìsun kan ṣoṣo. Omi òjò tó rì wọ inú àpáta máa ń sun jáde níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọn ìsun wọ̀nyí á pàdé ara wọn nísàlẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn bá sì tẹ̀ dó tì tí wọ́n ń bọ ni orúkọ odò máa ń dúró tì. Ẹni tó ń wo bí ilẹ̀ ṣe rí àti ẹni tó ń wo ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ń bọ òrìṣà lè tọ́ka sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì purọ́. Mo ti gbọ́ àlàyé orísun Ọ̀ṣun lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó bọ̀wọ̀ fún ìhà méjèèjì tó báyìí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lójú ọ̀nà ni Ìtawúrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà, a kàn ń sáré kọjá ni. Odò Ọ̀ṣun kò dorí kọ òkun ní tààràtà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Àríwá ni ó kọ́kọ́ kọjú sí, ó gba àlàfo tó wà láàárín àwọn òkè ní Ìtawúrẹ kọjá, lẹ́yìn náà ni ó yí sí ìwọ̀-oòrùn, tó gba Òṣogbo àti Ẹdẹ, kí ó tó wá kọjú sí gúúsù títí yóò fi wọ inú ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite ni ó pọ̀ nínú òkè tó gba Ẹ̀fọ̀n kọjá yìí. Òjò kò tètè jẹ ẹ́ bí ó ṣe ń jẹ ilẹ̀ tó yí i ká, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dúró gíga bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibi tí àlàfo bá wà ni omi lè gbà. Láti orí àwọn òkè Èkìtì kan náà ni Ògbèsè àti Ọsẹ̀ ti ń ṣàn lọ sí gúúsù, gba ilẹ̀ Òǹdó, tí wọn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó gbọ́ àlàyé yìí yóò rí i pé àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n pín omi fún ìlú púpọ̀, àti pé bí òkè bá ti yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, Òṣogbo ì bá má ní odò yìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó gba àkókò jù nínú bọ́ọ̀sì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nínú ìtàn wa, obìnrin ni Ọ̀ṣun kí ó tó di omi. Ohun tí afinimọ̀nà wa ṣe tó dùn mọ́ mi ni pé ó to àwọn odò yòókù tó ń wọ inú Ọ̀ṣun tàbí tó wà ládùúgbò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹrinlẹ̀, tí Ìlobùú kò lè gbàgbé láé, ọdẹ ni a mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀tìn, tí wọ́n ń bọ ní Òkukù àti Ìníṣà, akíkanjú obìnrin ni. Ọbà náà jẹ́ aya Ṣàngó bí Ọ̀ṣun, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ìjà orogún tó wà láàárín wọn ni ó mú kí omi máa ru gùdù níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Nígbà tí a bá to orúkọ wọ̀nyí sójú kan, a ó rí i pé gbogbo ilẹ̀ tí omi wọ̀nyí ń bọ́ ni àwọn baba wa fi orúkọ ènìyàn sọ, tí wọ́n sì fi ìbátan ṣàlàyé bí odò kan ṣe ń wọ inú òmíràn. Orúkọ mìíràn tún wà tí omi bí: ogun ọdún 1878 ní Ìkìrun, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá ti já sínú odò Ọ̀tìn, ni a ń pè ní Ogun Jálumi títí di òní.

Nígbà tó kan Òṣogbo fúnra rẹ̀, ó ṣe ohun kan tí mo ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa máa ṣe. Ó ní kí a má ṣe rò pé inú orúkọ odò ni orúkọ ìlú ti jáde, nítorí pé Ọ̀ṣun ni odò, Òṣogbo sì ni ìlú. Ìtàn tí a jogún ni pé Lárọ̀óyè àti ọdẹ tí ń jẹ́ Olútìmẹ́yìn kó àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé nígbà tí ọ̀dá omi dá wọn lágara. Etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Bí wọ́n ṣe ń gé igi, igi kan wó lu omi, ohùn kan sì ké jáde láti inú ibú pé, “Òṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán.” Láti inú igbe yìí ni a gbà pé Òṣogbo ti wá, kò sì sí ọmọ Òròkí tí kò mọ̀ pé aró ni iṣẹ́ tí a fi mọ ìlú wa. Àtáọ́ja náà, oyè ọba wa, ń rántí ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò. Lẹ́yìn ìtàn yìí ni ó wá fi kún un pé àwọn tó tẹ̀dó náà kúrò ní etí omi lọ sí ibi tó ga nítorí ìkún omi. Ìtàn ohùn inú ibú àti ìtàn ìkún omi kò ta ko ara wọn létí mi, nítorí pé méjèèjì ni ó ń sọ pé etí odò yìí kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè fi ilé kún bó ṣe wù ú. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, orúkọ odò yìí kan náà ni wọ́n fún un.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, n kò rí púpọ̀ tí n óò sọ ju ohun tí àwọn mìíràn ti sọ lọ. Ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ fi apá kan rẹ̀ sábẹ́ òfin ìdáàbòbò, ó tó hẹ́kítà 75 báyìí, ọdún 2005 sì ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Àwọn ère tí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa fi ọwọ́ wọn mọ wà níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti rí òkè láàárọ̀, ojú tí yóò fi wo omi yìí nírọ̀lẹ́ á yàtọ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kò fún wa ní máàpù kankan. Iṣẹ́ tó dá lórí bí odò ṣe ń yí kiri kò yẹ kí ó gbára lé ẹnu nìkan, pàápàá fún àwọn àlejò tí kò mọ ìyàtọ̀ Ìtawúrẹ sí Àrámọkọ. Bọ́ọ̀sì pẹ́ kí ó tó gbéra, ìyẹn sì jẹ́ kí a sáré kúrò ní Ìgèdè ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé Òṣogbo ni ìrìn náà parí sí, bí ẹni pé omi náà dúró níbí. Ẹdẹ wà nítòsí, odò Ẹrinlẹ̀ sì ń wọ inú Ọ̀ṣun ní agbègbè ibẹ̀. Bí èèyàn bá tún lọ síwájú, ìdídò Aṣèjíre wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá lè fi ìrìn-àjò kejì kún un fún apá ìsàlẹ̀, èmi yóò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ sanwó.

Ẹnìkan nínú wa béèrè ìdí tí omi fi pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Afinimọ̀nà náà kò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní apá Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ sínú àwọn odò tó ń bá a ṣàn, pé ó ti tó ọdún mélòó kan, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu omi náà mu nítorí àwọn èròjà olóró tí wọ́n ń lò níbi ìwakùsà. Àwọn kan lè ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ba ọjà jẹ́, ṣùgbọ́n èmi kà á sí ara ìdí tí iṣẹ́ wọn fi ṣe é fọkàn tán.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: owó tí wọ́n ń gbà kan ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, kò kan owó ìwọlé igbó Ọ̀ṣun, ẹ ó san ìyẹn fúnra yín lẹ́nu géètì. Ẹ wọ bàtà tó le, nítorí ilẹ̀ máa ń yọ̀ lórí òkè, ẹ má sì mú ọmọ tí kò lè rìn jìnnà dání. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó rọrùn jù láti gun òkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bí omi ṣe ń sun jáde láti inú àpáta ni ẹ fẹ́ rí, ẹ lọ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn ṣáájú pé kí ọkọ̀ gbéra ní kùtùkùtù.