Áàpù tí mo fi ń gbé èrò n'Ílọrin àti ọ̀rọ̀ vape

Bó bá jẹ́ pé èébì ni èrò bì sórí ìjókòó mọ́tò mi, áàpù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí kì í fi mí ṣeré. Màá ya fọ́tò, màá fi ránṣẹ́, owó ìfọmọ́tò á wọlé. Mo gbà fún wọn níbẹ̀. Vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń fà, ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi sí.

Láti Tanke dé Fate, pàápàá lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fà á pọ̀. Màá ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, fi sápò ká fi débẹ̀." Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, Ààfáà, kì í ṣe sìgá, omi lásán ni." Irọ́ ni! Kẹ́míkà olómi tí wọ́n ń pè ní propylene glycol àti glycerin ló ń gbóná nínú ẹ̀, nicotine, ohun tó ń sọ tábà di bárakú, sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n bá tú síta á lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì. Èèyàn lè má rí i lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ bá tàn sí i lálẹ́ lọ́nà Asa Dam, gíláàsì iwájú á funfun báláú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju òórùn lọ, torí ẹ̀mí èèyàn ni mo gbé sẹ́yìn.

Sìgá wà lára ohun tí a lè fẹjọ́ ẹ̀ sùn nínú áàpù náà, vape ò sí. Mo tẹ sìgá, wọ́n ní kí n ya fọ́tò eérú tàbí ibi tó jó. Èwo ni eérú nínú vape? Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti ka sìgá léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, torí náà èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi jiyàn lórí sìgá. Vape ni wọ́n ń bá mi fà.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ni pé mo nu ìdajì gíláàsì, mo fi ìdajì sílẹ̀, mo wá ya méjèèjì pọ̀ lálẹ́ nígbà tí iná ń tàn sí i. Wọ́n sanwó, àmọ́ kò tó ra fílítà éésì. (Ẹ má wulẹ̀ fín lọ́fínńdà sí i o, òórùn méjì lẹ máa ní. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ ló ń mú un kúrò.)

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Kí wọ́n kọ vape síbi ìfẹjọ́sùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí èrò rí i kó tó pe mọ́tò, màá fi ìkẹrin kún un.