Ariwo atẹ́gùn àti ariwo táyà lórí máṣínì: ohun tí mo rà, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó já mi kulẹ̀

Kí ẹni tí ò ráyè kà á dópin lè tètè mọ ibi tí mò ń lọ: nínú gbogbo nǹkan tí mo rà torí ariwo orí máṣínì, fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, earplug tí wọ́n ń pè é yẹn, òun ló ṣiṣẹ́ jù, òun náà ló sì kéré jù nínú gbogbo ẹ̀. Gíláàsì iwájú gàgàrà tí mo kọ́kọ́ lọ rà ló já mi kulẹ̀ pátápátá. Ariwo táyà ní ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo máa dé bẹ̀.

Máṣínì mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan o. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde náà ló wà, mi ò yọ nǹkan kan lára ibi tí èéfín ń gbà, ẹ́ńjìnì ẹ̀ rọra ń dún ni. Àmọ́ tí eré bá ti kọjá 80 km/h báyìí, ohun tí mò ń gbọ́ nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì á dà bíi pé ẹnì kan ń fa aṣọ ya sí mi létí tí aṣọ náà ò sì tán. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì etí mi á máa dún wíìììn, èèyàn á máa bá mi sọ̀rọ̀ èmi á máa ní "ẹ ní kí ni?", mo kàn gbà pé ó ti rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àárẹ̀ o jàre. Lórí ọ̀pọ̀ máṣínì, láti bíi 65 km/h lọ sókè, ariwo atẹ́gùn tó ń lu hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti ju ti ẹ́ńjìnì lọ, tí eré bá sì ti ń tó 110, 120, ariwo yẹn lè sún mọ́ 100 decibel, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó, tàbí kó tiẹ̀ kọjá ẹ̀. Àwọn NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, 85 decibel fún wákàtí 8 ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá lójúmọ́, tí decibel 3 bá sì ti lé sí i, ẹ pín wákàtí yẹn sí méjì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2, ẹ máa pín in lọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ìṣẹ́jú 15! Èmi tí mò ń lo wákàtí méjì gbáko. Ariwo inú etí yẹn tó bá wá kọ̀ tí ò lọ mọ́, ó di ìyàwó ilé nìyẹn, kò sí oògùn tó máa dá etí yẹn padà sí bó ṣe wà.

Ó dáa, gíláàsì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé atẹ́gùn ló ń pariwo, ẹ jẹ́ ká dí atẹ́gùn. Ni mo bá ra gíláàsì tó ga tó sì fẹ̀ ju èyí tó bá máṣínì wá, ó mọ́ gaara, súkúrù mẹ́rin, kò gbà mí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti dè é. Mo gùn ún jáde, atẹ́gùn ò lu àyà mi mọ́, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí mo ṣe kọjá 90, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń jó lórí mi bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, tó tún gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, gbì gbì gbì, ariwo tó ń dún hùùù tẹ́lẹ̀ wá di ìlù. Ojú mi ò tiẹ̀ dúró lójú kan mọ́, pátákó ojú ọ̀nà ń dà méjì mọ́ mi lójú.

Ó ti wá yé mi báyìí. Atẹ́gùn tó ń lọ gbọọrọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ibi tó bá ti dàrú ni ariwo wà. Tí atẹ́gùn bá fo etí gíláàsì kọjá, ẹ̀yìn gíláàsì á ṣófo, atẹ́gùn á wá máa já padà sínú òfìfo yẹn, á máa yí gbirigbiri, tí orí èèyàn bá wá bọ́ sí ibi tó ti ń yí yẹn gan-an, ó tán. Gíláàsì kékeré àtijọ́, ìgbáàyà mi ló ń da rúkèrúdò tiẹ̀ sí, orí mi wà lókè nínú atẹ́gùn tó mọ́. Èyí tí mo fowó ara mi rà ló gbé e wá bá mi ní ìmú. Máàkì mi fún un, 2 nínú 10, torí òjò ni mo ṣe fún un ní méjì yẹn, tójò bá ń rọ̀ ó wúlò.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó náwó, mi ò mọ ìyẹn nígbà yẹn ni. Tí ọ̀nà bá dán tó sì dá, ọwọ́ yín méjèèjì lórí áńdù o, ẹ gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀ kí orí yín lè ga sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bí ariwo ṣe yí padà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ̀ ba sẹ́yìn gíláàsì, ẹ tún gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ga sókè ni ariwo rọlẹ̀, gíláàsì yín ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wá èyí tó kúrú. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ba ló dákẹ́, a jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó ga tó. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì tí ọ̀rẹ́ yín ń yìn kì í fi í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiyín, gígùn ẹ̀yìn yín àti tiẹ̀ ò dọ́gba.

Mo dá gíláàsì àtijọ́ padà, mo wá ra pátákó kékeré kan báyìí tí wọ́n ń fi kílíìpì há mọ́ etí ẹ̀, èèyàn lè gbé e sókè, lè tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn. Èyí dáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí i, ìwọ̀nba bí ìbú èékánná báyìí lè yí gbogbo ẹ̀ padà, títí mo fi rí ibi tí orí mi ti sinmi. Mo tún ki wọ́ṣà sábẹ́ súkúrù ìsàlẹ̀ gíláàsì kí àyè díẹ̀ lè wà, kí atẹ́gùn máa gba ìsàlẹ̀ wọlé lọ kún òfìfo ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn, ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Àléébù ẹ̀ ni pé kílíìpì yẹn máa ń tú, mo ti tún un mú le ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó bá sì tú á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń sá fún ariwo tún ra òmíràn. 7 nínú 10.

Mo ra aṣọ tí wọ́n ń so yí ìsàlẹ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ká náà, torí ariwo púpọ̀ ń gba abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn wọlé. Ó gbéṣẹ́ díẹ̀, ó móoru, mo sọ ọ́ síbì kan.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ earplug. Mo kórìíra ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, èrò mi ni pé mi ò ní gbọ́ họ́ọ̀nù, mi ò ní gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Oríṣi méjì ni mo rà. Àkọ́kọ́ ni fóòmù rírọ̀, èyí tí èèyàn ń yí láàárín ìka kó lè tín-ín-rín, táá wá wú padà nínú etí. Ìkejì ni ti rọ́bà tó ní ihò tóóró láàárín, ihò yẹn ló ń sẹ́ ariwo, wọ́n ní ohùn èèyàn á kọjá atẹ́gùn ò ní kọjá. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára páálí wọn, SNR ni wọ́n ń kọ ní Yúróòpù, NRR ni ní Amẹ́ríkà, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dí ariwo tó. NRR fóòmù tó lágbára jù máa ń tó 33, ti rọ́bà oníhò sábà máa ń kéré sí ìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn jù, inú lábù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lórí ẹni tí wọ́n bá a ki etí dáadáa.

Kíkì yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu etí bí ẹni dí ìgò, mo ní kò ṣiṣẹ́, mo ti ń bínú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́, ẹ yí fóòmù náà títí táá fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ẹ gba orí kọjá fi ọwọ́ kejì fa etí yẹn sókè àti sẹ́yìn kí ihò ẹ̀ lè nà, ẹ tì í wọlé, ẹ fi ìka dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó wú. Tẹ́ ẹ bá wo dígí látiwájú, kò yẹ kẹ́ ẹ rí i kó yọ síta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á yọ fàì.

Ọjọ́ tí mo kì í bó ṣe yẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ lára máṣínì ni. Ariwo aṣọ yíya yẹn lọ. Atẹ́gùn ṣì wà ṣá, àmọ́ ó ti jìnnà, bí òjò lórí òrùlé ilé kejì. Họ́ọ̀nù tí mò ń bẹ̀rù ẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí tẹ́lẹ̀ atẹ́gùn ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì, etí ò dún, orí ò fọ́ mi, mo tiẹ̀ tún fẹ́ gùn ún padà. Ti rọ́bà oníhò, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀ lórí eré gíga, ariwo atẹ́gùn inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ń rinlẹ̀, irú ẹ̀ ló sì ń gba ihò yẹn wọlé sí mi létí, àmọ́ nínú ìlú tí mo ti ń dúró bá èèyàn sọ̀rọ̀ ó dáa, ó sì ṣeé fọ̀ kéèyàn tún lò ó. Fóòmù 9, rọ́bà 6. Máàkì kan tí mo yọ lára fóòmù, tẹ́ ẹ bá ń de hẹ́límẹ́ẹ̀tì ó máa ń yẹ̀ létí, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Táyà wá kù. Bí atẹ́gùn ṣe lọ tán ni mo wá gbọ́ nǹkan kan lábẹ́, hùn-ùn-ùn, eré ń pọ̀ sí i òun náà ń lọ sókè, tí mo bá tẹ máṣínì láti yí kọ́nà á wá di kíkùn bí ajá tí wọ́n mú eegun lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti pinnu pé bẹ́árìn ni, mo ti ń múra owó. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ táyà kúrò nílẹ̀, mo yí i, ó yí láìháun, mo di òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú mo mì í, kò mì. Mo wá di kílọ́ọ̀ṣì mú lórí eré, ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ariwo ò rọlẹ̀, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnì kọ́. Ìgbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà iwájú ni mo rí òdodo ọ̀rọ̀: tí mo bá fọwọ́ lọ ó dán, tí mo bá fọwọ́ bọ̀ ó ń kọ́ mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Gbogbo eyín táyà yẹn ti jẹ lápá kan. Afẹ́fẹ́ tí ò tó inú táyà, ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ àti bíréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ lójijì ló sábà ń fà á, afẹ́fẹ́ tèmi sì ti lọ sílẹ̀ gan-an sí ohun tí wọ́n kọ sára máṣínì, ẹ̀bi mi ni, mi ò wọ̀n ọ́n láti ìgbà tí mo ti rántí. Àárọ̀ kí táyà tó gbóná ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n o.

Táyà tí mo yọ yẹn, eyín ẹ̀ tóbi, ó jìnnà síra, bíi ti ẹni tó ń wọ inú ẹrẹ̀, èmi tí mi ò kúrò lórí ọ̀dà. Eyín kọ̀ọ̀kan ló ń já lulẹ̀, pá pá pá, tó bá yára ló di orin yẹn. Mo fi méjì tó jẹ́ ti ojú títì pààrọ̀ wọn, eyín ẹ̀ sún mọ́ra, ọnà ẹ̀ dà gẹ́gẹ́rẹ́, mo wo nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, mo rí i pé ọfà ara ẹ̀ kọjú síbi tó yẹ. Ojú ẹ̀ máa ń yọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ rọra yí kọ́nà fún bí 150 kìlómítà. Hùn-ùn-ùn yẹn tán ráúráú. 8 nínú 10, ì bá jẹ́ 9 ká ní kì í yára jẹ láàárín bó ṣe ń jẹ yìí.

Ohun kan tí mo wá ń ṣe báyìí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mo máa ń gùn ún jẹ́jẹ́ láìki nǹkan kan sétí, torí fóòmù yẹn ò mọ ariwo tó ń bà wá jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń kìlọ̀ fún wa, ṣéènì tó gbẹ lè máa ké lábẹ́ ibẹ̀ kéèyàn máa rẹ́rìn-ín lọ. Gíláàsì gàgàrà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá gùn ju tèmi lọ dáadáa kó sọ̀rọ̀.