Wọ́n kun ríìmù mi lọ́dà lórí ìpáàrà

Ilà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára táyà ló jẹ́ kí n kọ èyí. Fọganáísà ló fi hàn mí. Ó ti tú táyà iwájú lápá òsì kúrò lára ríìmù, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan." Ọ̀dà ríìmù ni. Ó yí táyà náà po, níbi tí rọ́bà ti pàdé irin. Oṣù 4 ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo gbé ríìmù álọ́ì 4, àwọn tí wọ́n fi álúmínọ́ọ̀mù ṣe, lọ fún àwọn kan tó ń tún ríìmù ṣe pé kí wọ́n bá mi bọ́ ìpáàrà ara wọn. Wọn kò tú táyà kankan. Wọ́n fín ọ̀dà sí i bó ṣe wà, wọ́n gbowó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé lọ. Ìpáàrà álúmínọ́ọ̀mù kì í pọ́n bíi ti irin. Funfun ni, ó sì máa ń gba abẹ́ ọ̀dà gaara tó wà lókè rìn, tínrín tínrín, bí ipa ekòló nínú ẹrẹ̀. Lára ọkọ̀ tèmi, ibi méjì ló ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí ríìmù ti ha etí títì, àti ibi tí wọ́n ti fi òjé ìbálánsì, òjé kékeré tó ń jẹ́ kí táyà yí déédéé, há a létí. Bí ọ̀dà bá ti lè ya níbì kan báyìí, omi wọlé nìyẹn, bí iyọ̀ bá sì wà nínú omi náà, kíákíá ni iṣẹ́ ń yá a.

Okùnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó dúró lókèèrè, ó ní, "Ọjọ́ 3, ẹ wá gbé e." Ní ọjọ́ kẹta, ríìmù mi ń dán bí ìgbà tí mo ra ọkọ̀. Inú mi dùn dé ibi pé mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo júwe ibẹ̀ fún wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Táyà iwájú wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí mo bá fẹ́ ẹ dé 33 psi, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, 24 ló kù. Mo rò pé ìṣó ni. Fọganáísà rì í sínú omi, kò sí ìṣó, àmọ́ ìfófòó ń tú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín etí táyà àti ríìmù. Nígbà tó tú u, mo rí ibi tí táyà ń jókòó lé: ó rí gbágungbàgun, ìyẹ̀fun funfun sì bò ó. Rọ́bà kò lè lẹ̀ mọ́ irú ibẹ̀ kó má jò. Ìpáàrà tí wọ́n ní àwọn ti bọ́ wà níbẹ̀ digbí. Lójú ríìmù níta náà, lábẹ́ ọ̀dà tuntun, ipa ekòló ti ń padà yọ ní ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo padà lọ. Okùnrin ìdí tábìlì ní, "Táyà yín ló ti gbó, Àǹtí." Táyà tí kò tíì pé ọdún kan! Mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, mo yí ilà fàdákà yẹn sí i. Mo ní, "Ẹ ṣàlàyé èyí fún mi." Ó ní kí n fi sílẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi dé. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọ̀gá ń bọ̀, kò dáhùn, ó tẹ ojú mọ́ fóònù rẹ̀. Mo pariwo. N kò ní parọ́, mo pariwo gidi, àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ sì dìde wá wo ríìmù náà.

Ariwo yẹn ló mú bàbá kan jáde láti ẹ̀yìn. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún eruku. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ ojú ríìmù, ọ̀dà náà sì ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó gbé èyí tó ṣí náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó yíjú sí mi: "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ mi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó ní kí n bá òun kálọ sẹ́yìn.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti yí padà. Bàbá yìí tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọ fáàfù, ó yọ òjé, ó sì ri ríìmù kan sínú oògùn tí ń bọ́ ọ̀dà lójú mi. Ọ̀dà ń hunjọ bí awọ tí iná rà. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ibi tí mo ti ń rí ilà funfun, ihò dúdú kéékèèké ló wà níbẹ̀, bí àpá ilẹ̀ẹ́gbóná. Ó ní bí ìyẹ̀fun funfun bá ṣẹ́ kù sínú ọ̀kan ṣoṣo nínú ihò wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn kíkúnná ni ó fi ẹ̀rọ fẹ́ sí i. Mo bi í pé ṣé búrọ́ọ̀ṣì onírin kò ní yá jù. Ó ní rárá, èérún irin yóò kù sára álúmínọ́ọ̀mù, bí omi bá sì ti wà láàárín àwọn méjèèjì, álúmínọ́ọ̀mù ni ìpáàrà yóò jẹ.

Ó kọ́kọ́ gbé ríìmù lásán sínú ààrò kí afẹ́fẹ́ àti epo tó há sínú irin lè jáde, kí ọ̀dà má baà wú lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló fín ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú sí i, tó yan án ní nǹkan bí 200°C. Mo ní ṣé kò lè fi kún iná kó lè tètè jinná. Ó wò mí, ó ní, "Ooru ni wọ́n fi fún irin yìí lágbára níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ooru àṣejù lè gbà á padà." Ó fi nǹkan dí ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó àti ẹ̀yìn tó ń kan họ́ọ̀bù (irin ara ọkọ̀ tí wọ́n ń de ríìmù mọ́) kí ọ̀dà má dé ibẹ̀, torí ọ̀dà tó nípọn níbẹ̀ máa ń rún, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀.

Ó kọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìpáàrà, ó ti là, ilà náà tínrín bí irun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jó ibi tó là náà pọ̀. Ó ní ríìmù yẹn kò ní ti ọwọ́ òun padà sójú títì. Ó dùn mí, torí pé àti rí ẹgbẹ́ rẹ̀ rà kò rọrùn. Ojú dídán tí wọ́n fi ẹ̀rọ fá lára ríìmù mi tẹ́lẹ̀ náà lọ. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fá a ni irin ń dínkù, kí n jẹ́ kí fàdákà bò ó látòkè délẹ̀. Mo gbà, àmọ́ ojú mi ṣì ń wá a.

Nígbà tó ń dè é padà, ó nu ojú họ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, ó fi ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ pa á kí ríìmù má baà tún gan mọ́ ọn, kò sì jẹ́ kí ọ̀rá kan ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Sípánà tó ń wọn agbára ló fi dè é, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn 80 km kí òun tún un yẹ̀ wò.

Àmọ́ ọjọ́ 5 tí wọ́n dá fún mi di 11. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ìdérí fáàfù méjì sọnù. Àwọ̀ ríìmù tí mo rà dípò èyí tó là ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ní kí n máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo bèèrè ìwé tí yóò fi hàn pé wọ́n dúró lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Okùnrin ìdí tábìlì kò sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ó ti pé oṣù 7 báyìí. Òjò ti rọ̀ sí i, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, n kò tíì rí ipa ekòló kankan. Táyà iwájú lápá òsì ṣì wà ní 33. N kò tíì rí ẹni tó mọ ríìmù tó bàbá yẹn, n kò sì ní gbé tèmi lọ síbòmíràn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọkọ̀ àbúrò mi wà lọ́dọ̀ wọn láti àná. Mo ní kí ó gba ẹ̀yìn wọlé, kí ó béèrè bàbá tó wà nídìí ààrò.