Ẹ̀kọ́ Java Òpin Ọ̀sẹ̀ Kan ní Àkúrẹ́: Àyẹ̀wò

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nítòsí ẹnubodè gúúsù FUTA (Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́), níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Java kọ́ni ní kíkọ ètò oní-object, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a pín sí object, ohun tó ní dátà àti iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà ni pé orí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kà: ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù irú èyí tí àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba máa ń dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa fi ajá àti ológbò ṣàlàyé, akẹ́kọ̀ọ́ a rẹ́rìn-ín, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Níhìn-ín, Ọmọ-ẹgbẹ́ ni kíláàsì (àwòṣe tí a fi ń ṣẹ̀dá object), ìyá aláṣọ tó ní owó tirẹ̀ nínú ìwé sì jẹ́ object kan láti inú rẹ̀.

Ibi tí olùkọ́ ti fakọyọ jù ni ọ̀rọ̀ encapsulation, ìyẹn dídáàbò bo dátà sínú object. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí á kọ ètò tí apá ibikíbi nínú rẹ̀ ti lè yí iye owó padà tààrà, ó wá ní kí á wá ibi tó sọ owó ìyá aláṣọ di gbèsè. A wá a títí, nítorí pé ọwọ́ tó ń kan iye náà ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí ló tó sọ ọ́ di private, tó fi jẹ́ pé ìfowósí àti ìgbowó nìkan ló lè dé ibẹ̀, tí ìgbowó yóò sì kọ̀ bí owó kò bá tó. Polymorphism náà yé wa kíá: àṣẹ ìṣírò èlé kan náà ni à ń pè, àkáǹtì ìfipamọ́ àti ti ẹ̀yáwó a sì ṣe é bó ṣe bá oníkálukú mu.

Inheritance, ìyẹn ìjogún, tí kíláàsì kan ń gba ohun tó wà nínú òmíràn, ni wọn kò ṣe dáadáa. Wọ́n ní kí Akápò àti Akọ̀wé jogún Ọmọ-ẹgbẹ́, ó sì dára lójú pátákó. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá tún ìbò dì, tí akápò àná di ọmọ-ẹgbẹ́ lásán, object kò lè pààrọ̀ kíláàsì rẹ̀ nínú Java, bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì kan kò lè jogún méjì fún ẹni tó bá di ipò méjì mú. Ohun tó yẹ ni kí ọmọ-ẹgbẹ́ ní ipò, kì í ṣe kí ó jẹ́ ipò. Lóòótọ́, láti ìgbà èdè kọ̀ǹpútà Simula 67 tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe ní Oslo ni kíláàsì àti ìjogún ti jọ ń rìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí á máa fi ìjogún yanjú ohun gbogbo. Olùkọ́ ní ẹ̀kọ́ iwájú ni. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti wáyé.

Ẹni tó ti mọ loop (títún àṣẹ ṣe léraléra) àti method (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ) yóò jèrè níbẹ̀, àmọ́ yóò le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí onítọ̀hún ti fi JDK (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò Java) sórí laptop rẹ̀ láti ilé, torí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń falẹ̀ púpọ̀.