Trombone King 3B tòkúnbọ̀: ohùn tí mo gbọ́ ní Campos ni mo wá kiri títí mo fi rà á

Ibi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Campos, ní Pópó Àgùdà, ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá kan dúró láàárín àwọn onífèrè, trombone rẹ̀, fèrè idẹ gígùn tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn, ń la ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ìlù kọjá. Kò ké, kò ha, ó kàn ń wọni lára ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fọn trombone ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta, tèmi ò dún bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo kúnlẹ̀ kí bàbá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, irú èwo lẹ̀ ń fọn?" Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́: "Wò ó fúnra rẹ, ọmọ mi."

Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí páìpù tó ká jọ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ó ti yàtọ̀ sí irú trombone Bach 42B tí àwọn onísíńfónì fẹ́ràn, tí ihò slide rẹ̀, páìpù tí wọ́n ń fà yẹn, fẹ̀ tó 0.547 íǹṣì, tí ẹnu rẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde sì fẹ̀ tó íǹṣì 8½. Mo wá fi ìka tọ ohun tí wọ́n fín sára ẹnu fèrè náà nínú oòrùn: King, 3B, Cleveland. Ihò ti 3B jẹ́ 0.508 íǹṣì, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 8. Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, ni ilé iṣẹ́ H. N. White ti ń ṣe King kí wọ́n tó kó lọ sí Eastlake láàárín àwọn ọdún 1960. Èyí tó bá ní Cleveland lára ti dàgbà nìyẹn.

Oṣù mẹ́wàá ni mo fi dá àjọ. Mo rí ọ̀kan lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Ojúẹlẹ́gba, ₦950,000. Mo tú ìdè slide rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo tẹ́wọ́ sísàlẹ̀, mo sì jẹ́ kí páìpù ìta máa sọ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé ipò kẹrin nínú ipò méje tí slide ń dúró sí, ó wá ṣe kùrùù kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ fetí sí kùrùù yẹn dáadáa tí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, torí páìpù tó tẹ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀. Alátùn-únṣe kan ní Múṣín gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi, ó sì nà án.

Ibi tí mo ti jìyà ni mouthpiece, èyí tí a ń fi ẹnu fọn. Òǹtajà mìíràn ta mouthpiece kan tí wọ́n ń pè ní 6½AL fún mi, ó ní gbogbo trombone ló ń gbà á. Irọ́ ni. Ìdí rẹ̀, ibi tó ń wọ inú fèrè, ló tóbi, irú tó ń wọ Bach 42B. Èyí tí 3B ń gbà, kékeré ni ìdí rẹ̀. Ẹnu ihò fèrè lásán ló dé, ó dúró, ó ń mì. 6½AL kan náà wà ní oríṣi méjèèjì, onídìí ńlá àti onídìí kékeré o! Orúkọ tó wà lára rẹ̀ nìkan kò tó, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Òǹtajà náà kọ̀ láti dá owó mi padà, mo ra òmíràn.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé ohun tí mo wá ni mo rí. Níta gbangba, lórí háílàìfù, kò sí èyí tí mo lè fi wé e: èémí díẹ̀ ló ń gbà, ohùn rẹ̀ á sì dé ìparí àdúgbò. Àmọ́ ẹni tó bá ń gba ohùn báàsì nínú orin ìsìn, kó má rà á. Tí ohùn bá ti sọ̀ dé Mi kejì nísàlẹ̀ Dó àárín dùrù, àwọn ohùn tó tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Dó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé fọn, torí kò sí páìpù ẹ̀yìn tó ká jọ, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ yẹn. Irú 3B tí wọ́n ń pè ní 3BF ló ní in.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òróró ìsebẹ̀ tàbí Vaseline pa slide rẹ̀. Mo ti rí èyí tó lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn pátápátá. Slide-O-Mix, ohun tí wọ́n ṣe fún slide, ni mo ń lò, mo sì ń fọ́n omi sí i kí n tó fọn ún.