Precious: àwo Utada Hikaru kí òkìkí rẹ̀ tó kàn

Ẹni tó bá ra Precious pẹ̀lú èrò pé First Love mìíràn ni, ìyẹn àwo Utada tó tà gan-an ní 1999, inú rẹ̀ ò ní dùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ohùn Utada Hikaru ṣe rí kí Jàpáánì tó mọ̀ ọ́n, àwo yìí gan-an ni kó wá. Kó má wá orúkọ Utada lára páálí rẹ̀ o: Cubic U, orúkọ tó ń lò nígbà yẹn, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1998 ni Toshiba EMI gbé e jáde, ọjọ́ 9 péré lẹ́yìn tí olórin náà pé ọmọ ọdún 15.

Ilé olórin ni wọ́n bí i sí ní New York. Fuji Keiko, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú enka, irú orin Jàpáánì kan, ni ìyá rẹ̀; bàbá rẹ̀, Utada Teruzane, ló ń ṣètò orin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ṣe àwo kan ní 1993, wọ́n pe ara wọn ní U3. Abájọ tí kò fi sí ojora nínú ohùn ọmọ yìí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ Precious, lórí ìlù R&B ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "Close to You", orin tí Carpenters sọ di gbajúmọ̀ ní 1970. Ẹ tẹ́tí sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan: èémí á kọ́kọ́ jáde, ohùn á wá gbọ̀n díẹ̀ kó tó lọ. Gbígbọ̀n yẹn náà ni wọ́n wá fi dá a mọ̀. Àbùkù àwo náà ni pé orin kan ń jọ èkejì, ohùn ìgbè sì pọ̀ débi tó fi ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà míì.

Orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Automatic jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ohùn kọ́ ló yí padà, èdè ni. Èdè Jàpáánì ló fi kọ ọ́, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gé e. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nanakaime, tó túmọ̀ sí ìgbà keje, ṣe ló pín in: "na", ó dánu dúró, ó tó wá sọ "nakaime". Ìlù ló ń tẹ̀ lé. First Love dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1999, ó tà ju mílíọ̀nù 7 lọ ní Jàpáánì, wọ́n sì tún Precious gbé jáde lọ́dún yẹn.

Ẹ̀dà méjì ló wá wà lọ́jà àlòkù. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn páálí tàbí sára obi, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Ti 1998 ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ṣọ́ọ̀bù ti fi yá ènìyàn rí, wọ́n pọ̀ ní Jàpáánì. Bí sítíkà bá lẹ̀ mọ́ ojú tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára síídì, ẹ má ṣí i. Abẹ́ ọ̀dà ibẹ̀ gan-an ni orin wà. Ó lè bá gọ́ọ̀mù ṣí kúrò, kò sì sí àtúnṣe. Ojú tó ń dán ńkọ́? Ẹ gbé e gẹ̀rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti họ. Ìlà tó họ láti àárín lọ sí etí kò burú tó èyí tó yípo, nítorí èyí tó yípo máa ń ba orin tó tẹ̀ léra jẹ́ lọ gbọọrọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi Automatic wé Precious, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 ni kẹ́ ẹ rà. Wọ́n ṣe ti sẹ̀ǹtímítà 8 náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa síídì wọlé lẹ́nu tóóró, bíi ti inú ọkọ̀, lè má lè pọ̀ ọ́ jáde mọ́. Ẹ̀rọ tó ń na àwo ìgbésí rẹ̀ síta ló gbà á, nínú kòtò kékeré àárín àwo náà.