Ìkìlọ̀: wọ́n ta irinṣẹ́ fíríìjì fún mi, wọ́n ní ti bíréèkì ni

Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín tún ọkọ̀ yín ṣe, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta flaring tool tí a fi ń fẹ ẹnu páìpù bíréèkì. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦42,500 ni mo san, ₦3,500 ni mo tún fi gbé e láti Èkó wá sí Ìbàdàn. Owó náà dùn mí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni kò jẹ́ kí n sùn. Díẹ̀ ló kù kí n fi ohun tí mo rà yẹn pa ìyá oníyàá.

Ọkọ̀ Toyota Corolla ti màmá kan ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Páìpù bíréèkì tó lọ sí ẹ̀yìn ti dípẹtà títí ó fi lu. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ arákùnrin kan ní òpópónà kejì ni mo máa ń gbé páìpù lọ, tí á bá mi fẹ ẹnu rẹ̀, tí màá sanwó fún un. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí èmi náà ní tèmi.

Mo rí àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpótí pupa, irin tó nípọn, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tí a ń ki bọ ẹnu páìpù, tò sínú àpótí lẹ́sẹẹsẹ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò bèèrè, mo bèèrè! Mo ní, "Ṣé ó lè ṣe double flare lára páìpù irin?" Double flare ni ẹnu páìpù tí irin rẹ̀ po méjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí èyí tí kì í ṣe. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ló ń rà á lọ́wọ́ mi." Mo ní kó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sanwó. Ohun tí mi ò fojú sí ni páìpù tó wà nínú fídíò yẹn. Bàbà ni! Pupa rẹ̀ hàn kedere. Bàbà rọ̀, kò sí irinṣẹ́ tí kò lè fẹ ẹnu rẹ̀. Irin ni mo bèèrè, bàbà ló fi hàn mí, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹrù dé, mi ò rí àpótí pupa kankan. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n wé e sí. Irin pẹlẹbẹ gígùn méjì tó ní ihò lára, nọ́ọ̀tì méjì tí a ń fọwọ́ yí, àti ṣóńṣó kan. Ohun tí àwọn tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò nìyẹn, mo sì ti rí i lọ́wọ́ wọn láìmọye ìgbà. Wọ́n kàn ju ọmọ kéékèèké mélòó kan sí i, kó lè jọ ti bíréèkì. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti dá a padà. Ẹ máa sọ pé kí ló dé tí mi ò dá a padà. Màmá ti dúró de ọkọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, awakọ̀ tó gbé e wá ti lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta sì ń wo ojú mi. Ẹni tí kò bá tíì sí nírú ipò yẹn rí ló lè bú mi.

Ẹnu páìpù bíréèkì yàtọ̀ sí ti fíríìjì. Ti fíríìjì, èèyàn kàn ń fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni. Ti bíréèkì, a máa kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ ká etí páìpù wọnú, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́, kí irin lè po méjì níbi tí nọ́ọ̀tì ti máa fún un. Tí èèyàn bá tẹ bíréèkì kíkankíkan, agbára inú páìpù yẹn máa ń kọjá 1,000 psi (psi ni a fi ń wọn agbára ìtẹ̀). Ẹnu tó jẹ́ ìpele kan á là.

Mo fi kọ́tà gé páìpù ìǹṣì 3/16, mo yọ etí mímú rẹ̀ nínú àti lóde, mo ki nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ ṣáájú, mo fi omi bíréèkì ra ẹnu rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Mo fún irin méjèèjì pọ̀ títí ọwọ́ mi fi bó, mo tún fi pláyà yí i. Páìpù ṣì ń yọ̀ sẹ́yìn! Ihò tí wọ́n kọ 3/16 sí lára tóbi ju páìpù 3/16 lọ. Ẹnu àkọ́kọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì là. Ẹ̀kẹta ló jọ pé ó dára, ni mo bá fi í sílẹ̀. Mo yí páìpù padà kí n ṣe ìdí rẹ̀ kejì, ọmọ kékeré yẹn kán sínú rẹ̀ bí igi ìṣáná.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ arákùnrin òpópónà kejì kó bá mi ṣe ìdí tó kù. Ó wo ìdí tí èmi ṣe, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n gé eléyìí náà, kí n tún un ṣe." Mo ní rárá. Ìgbéraga ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó tí mo ti ná ló ń ká mi lára. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló tà á fún mi?

Mo dè é, mo yọ afẹ́fẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò jò. Lọ́jọ́ kejì, màmá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, àti pé ọ̀nà méjì ni omi bíréèkì ń gbà nínú ọkọ̀ yẹn: ọ̀nà kejì ṣì mú díẹ̀, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó dúró létí gọ́tà. Ìdí tí èmi ṣe ló là. Ìdí tí mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn ni.

Mo pe oníjìbìtì yẹn. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n lò." Èmi! Ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo fi àwòrán ọmọ tó kán ránṣẹ́ sí i, ó kà á, kò fèsì. Nígbà tó di alẹ́, ó ti dí mi lọ́nà, mi ò lè kọ̀wé sí i mọ́. Àwòrán tó fi tàn mí ṣì wà níta, ó ṣì ń pa owó.

Ní báyìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́, àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ti inú ọjà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ẹni tó lè fi ẹ̀mí èèyàn ta ọjà, kí ni kò lè tà?

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ má sanwó láì fojú rí i. Ẹ mú páìpù irin tiyín dání, kí wọ́n fi ṣe é lójú yín. Tó bá yọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ fi fáìlì ha ọmọ rẹ̀: tí fáìlì bá jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, irin rírọ̀ ni, á kán. Digírì 45 ni igun ẹnu double flare ọkọ̀ Japan, ẹ má gba 37. Ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù bíi Volkswagen ń fẹ́ bubble flare, ìyẹn ẹnu tó wú roboto, ẹ bèèrè bóyá ó lè ṣe é. Èyí tó ní bulọ́ọ̀kù tó di páìpù mú gbọn-in-gbọn-in ló dára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù bàbà lásán ṣe bíréèkì fún yín.

Mo ti ra páìpù tuntun, mo tún ọkọ̀ màmá ṣe láì gba kọ́bọ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," kò sì tíì gbé ọkọ̀ náà wá mọ́. Irinṣẹ́ yẹn, mo ti fi òòlù fọ́ ọ kí ọmọ iṣẹ́ kankan má baà tún fi kan bíréèkì, ṣùgbọ́n mo ya àwòrán rẹ̀ kí n tó fọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá ń fi irú ẹ̀ lọ̀ báyìí, kó bèèrè lọ́wọ́ mi kó tó sanwó, màá fi hàn án.